Ìparun ẹlẹ́dẹ̀-ilẹ̀ kọ́: lórí orúkọ groundhog àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lóko

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Àkọlé tí ọ̀kan nínú wa tó ń túmọ̀ àròkọ kan gbé síwájú wa, «Ìparun Ẹlẹ́dẹ̀-ilẹ̀ ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà», ti fa àríyànjiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ kejì nínú rẹ̀ ni gbogbo wa rọ̀ mọ́. Àwọn kan fara mọ́ ẹlẹ́dẹ̀-ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún ẹranko tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní groundhog, àwọn kan ní òkété Amẹ́ríkà ló dára jù, ẹnì kan dá asùn-ọyẹ́ lábàá, ẹlòmíràn sì ní kí a kúkú yá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà lò. Ní tèmi, ikún ni ẹranko yìí, ikún Amẹ́ríkà ló sì yẹ kí a máa pè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìparun, tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí, ló tún wá burú jù, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni ó ń ròyìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹranko náà fúnra rẹ̀ ná. Ó máa ń wúwo tó kílò méjì sí mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ kì, etí oko ni ó sì fẹ́ràn láti gbẹ́ ihò sí, ihò ẹlẹ́nu púpọ̀ tí ó lè gùn ju mítà mẹ́wàá lọ. Ojúmọmọ ni ó ń jẹun, oúnjẹ rẹ̀ sì ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àgbẹ̀: ẹ̀wà sóyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, koríko alfalfa tí wọ́n gbìn fún màlúù, àti gbogbo ewébẹ̀ tó bá bá nínú ọgbà. Ìdílé ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn onímọ̀ ẹranko kà á mọ́, nínú ẹ̀ka kan náà tí ikún ilẹ̀ wa wà. Ta ni nínú wa tó gbé abúlé rí tí kò mọ ikún, ẹranko onílà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tí ń gbé inú ihò, tí ń jáde lọ́sàn-án gangan, tí ń hú ẹ̀pà àti àgbàdo tí àgbẹ̀ gbìn? Bí a bá yọ ti ìwọ̀n ara, ilà ẹ̀gbẹ́ àti oorun ìgbà òtútù kúrò, ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ń hù sí àgbẹ̀. Òkété ní tirẹ̀, òru ni ó ń jáde, ìdílé mìíràn ni ó sì ti wá. Ihò nìkan ló pa á pọ̀ mọ́ groundhog, ihò kò sì tó láti fi dá ìbátan sílẹ̀.

Ti ẹlẹ́dẹ̀-ilẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ló ní alátìlẹ́yìn jù. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ìran Jámánì tó tẹ̀dó sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ń pe ẹranko yìí ní Grundsau lédè tiwọn, èyí tó túmọ̀ sí abo ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀, èrò kan náà ló sì wà nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Dutch tó dé ìhà gúúsù Áfíríkà náà rí ẹranko tí ń walẹ̀ jẹ ikán, wọ́n sì sọ ọ́ ní aardvark, ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń tú orúkọ àwọn òyìnbó ní ẹyọ-ẹyọ, ẹranko méjì tí kò bára tan rárá ni yóò máa jẹ́ orúkọ kan lọ́dọ̀ wa, tí a ó sì fi ẹlẹ́dẹ̀ pe àwọn méjèèjì tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Ní ti asùn-ọyẹ́, adùn wà nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó dá a. Òtítọ́ ni pé láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni groundhog ti ń wọ ihò lọ sùn títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí ọkàn rẹ̀ tí ń lù ní nǹkan bí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan yóò sì rọlẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 5. Àmọ́ ẹ̀fúùfù gbígbẹ tí ń wá láti aṣálẹ̀ ni ọyẹ́, kò bá yìnyín Pennsylvania tan, àti pé irú oorun bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín ẹranko ilẹ̀ olótùútù, kódà àwọn àdán kan ń sùn ún. Tí a bá tilẹ̀ yá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà lò, kò ní í ṣe wá ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kí ni a ń yá ohun tó wà nílé sí?

Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ti fi ọ̀nà hàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní erékùṣù náà, wọ́n bá ẹranko kan tí àwọn Sípáníìṣì ń pè ní jutía, ẹranko tí kò sí ní Áfíríkà rárá, tó sì tóbi ju eku ilé wa lọ fíìfíì. Wọn kò tú orúkọ Sípáníìṣì rẹ̀, wọn kò sì jókòó dá tuntun. Eku ni wọ́n pè é, orúkọ náà sì wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀ di òní yìí, tí wọ́n ń dárúkọ eku, ẹja àti àgbàdo pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rúbọ. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé nìyẹn.

Àtakò méjì ló ti dé sí etí mi. Ẹnì kan ní ikún ńlá ló yẹ kó jẹ́, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ lè hàn. Èmi kò fẹ́ ẹ, nítorí pé àwọn tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i pọ̀ ju wa lọ, ọ̀rọ̀ yóò sì di ikùn ńlá mọ́ òǹkàwé lójú. Ẹlòmíràn ní Yorùbá máa ń sọ pé ènìyàn kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ groundhog jẹ́ ẹranko tí etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa, tó máa ń súfèé láti fi kìlọ̀ fún àwọn ìyókù bí ewu bá ń bọ̀. Ẹ̀fẹ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n àṣà ìsọ̀rọ̀ wa ni etí ikún, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìṣègùn etí.

Ó wá kan ìparun. Àjọ IUCN tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹranko tó wà nínú ewu kò ka ikún Amẹ́ríkà mọ́ wọn rárá. Ìsọ̀rí àwọn tí ọkàn balẹ̀ lé lórí jù lọ ló fi í sí. Ìgbà tí wọ́n gé igbó lulẹ̀ fún oko gan-an ni ó rí ààyè bí sí i, débi pé ní 1883, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ New Hampshire gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n sì fi sẹ́ǹtì mẹ́wàá lélẹ̀ fún ẹni tó bá pa ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ oko ní New England, ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí New Hampshire wà, di igbó padà, ikún yìí kò sì fẹ́ràn igbó kìjikìji. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí oko ṣì wà, oko náà ti yí ìrísí padà. Earl Butz, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà láti 1971 sí 1976, gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti gbìn láti ààlà dé ààlà. Ẹ̀rọ katakata ń tóbi sí i, pápá ìjẹko ń di oko àgbàdo àti sóyà, wọ́n sì ń hú igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín oko méjì dànù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹnu ihò ikún sábà máa ń wà. Ní ọ̀rúndún ogún kan náà, coyote, ajá igbó tó jọ ìkookò kékeré, tó sì ń pa ikún yìí jẹ, tàn kálẹ̀ dé gbogbo ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní agbègbè Champaign àti Urbana ní ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn olùwádìí tó fi ẹ̀rọ rédíò tọpa àwọn ikún Amẹ́ríkà rí i pé ti oko ń rìn jìnnà púpọ̀ ju ti ìgboro lọ, ti ìgboro sì ń pẹ́ láyé jù.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ìparun. Ìṣíkúrò tí ẹnì kan dá lábàá kò tọ̀nà pẹ̀lú, nítorí pé ikún oko kò di ẹrù kó wá sí ìgboro. Èyí tó wà níbẹ̀ ni ó ń bí sí i níbẹ̀. Ìdínkù sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní nǹkan dín kù ti kà á rí, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í sì í ka ẹranko yìí bí wọ́n ti ń ka àgbọ̀nrín. Ẹlẹ́rìí wa ni ọdẹ tó lọ sí oko tó ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀ tí kò rí i mọ́, àti àgbẹ̀ tó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ màlúù kò jìn sínú ihò mọ́. Ohun tí irú wọn máa ń sọ ní Yorùbá ni pé ó ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ń wá nǹkan ló ń mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n, ó sì lè ṣọ̀wọ́n lóko kó pọ̀ nígboro láìsí pé ọ̀rọ̀ tako ara wọn. Àwọn kan bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ọ̀wọ́n, yóò mú òǹkàwé rántí ọ̀wọ́n gógó ọjà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè wọlé bí a bá lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, àkọlé tí mo dábàá ni «Bí ikún Amẹ́ríkà ṣe ń ṣọ̀wọ́n lóko».

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì ń wá nínú àròkọ náà, èyí tí a ó fi pe igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń hú yẹn. Igbó ààlà ni mo ń lò báyìí, nítorí pé pèrègún tí a fi ń pààlà oko nílé jẹ́ igi ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe igbó. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín tó wá láti Òkè-Ògùn tàbí láti apá Ṣakí bá mọ orúkọ tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí àròkọ náà tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.