Ìràwọ̀ ọkọ̀ ni, kì í ṣe ìràwọ̀ ajá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú kọ lánàá, èyí tí wọ́n ti ní, nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó fún àwọn olùkọ́, ká máa pe Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú sánmà lóru, ní "ìràwọ̀ ajá", torí pé bẹ́ẹ̀ làwọn Òyìnbó ṣe ń pè é. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó mọ a-b-d, ṣùgbọ́n ajá ta ni?

Ajá yẹn, ajá àwọn Gíríìkì ni. Wọ́n ní ọdẹ kan wà lójú ọ̀run, Orion, ajá ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e, ara ajá náà ni ìràwọ̀ yìí wà. Ó dáa, ìtàn tiwọn nìyẹn. Àwa náà ti ní ajá tiwa lókè tipẹ́tipẹ́: ajá oṣù. Ta ni ò mọ̀ pé Àgùàlà, tí Òyìnbó ń pè ní Venus, là ń pè bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni. Tí ẹ bá wá mú ajá kejì wọlé, tí ọmọ kan bá gbọ́ ajá lójú sánmà, èwo ló fẹ́ mú nínú méjèèjì? Ọ̀rọ̀ tuntun tó bá ti da èyí tó wà nílẹ̀ rú, kò ṣe wá lóore rárá.

Ẹ má sì jẹ́ ká ka Àgùàlà mọ́ ìràwọ̀ bí àǹtí wa tó wà ní Àgbádárìgì ṣe fi í sípò kìíní nínú àwọn ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ó mọ́lẹ̀ ju Sirius lọ, àmọ́ pílánẹ́ẹ̀tì ni bíi ayé wa yìí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ gidi, Sirius ló ṣe ìkíní, -1.46 ni nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ fún un (bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìràwọ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i), Canopus ló tẹ̀ lé e, -0.74. Ìmọ́lẹ̀ Sirius ń rìn fún bí ọdún 8.6 kó tó dé ojú wa, ti Canopus lé ní 300 ọdún. Canopus yìí kan náà, ẹni tó wà ní London ò lè rí i láéláé, àwa ní Ẹ̀pẹ́ ń rí i lápá gúúsù, lórí ọ̀sà, nígbà ọyẹ́. Ṣé ẹni tí ò rí ìkejì ló yẹ kó wá bá wa sọ ìkíní lórúkọ?

Sirius ní orúkọ. Ìràwọ̀ ọkọ̀. A. B. Ellis, ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ ọ́ sínú ìwé tó ṣe lórí àwa Yorùbá ní 1894 pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè é, torí pé òun làwọn atukọ̀ fi ń mọ̀nà. Ẹnì kan wá ní Ellis ò fi àmì sí i, "Irawo-oko" lásán ló kọ, pé ó lè jẹ́ ìràwọ̀ oko, ó sì lè jẹ́ ìràwọ̀ ọkọ́. Ẹ gbà mí o! Òyìnbó yẹn túmọ̀ ẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ orí omi ló pè é, kò dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn ni gbogbo ẹjọ́ yìí. Yọ ọ́ kúrò, ọkọ ìyàwó lo sọ. Gbé e sókè, ọkọ́ lo mú dání. Ẹ pe "atukọ̀" kí ẹ gbọ́, ṣé ohùn yẹn ò sí níbẹ̀ ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ní àmì ò pọn dandan lórí fóònù jà.

Bàbá bàbá mi pẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ títí ara wọn ò fi gbé e mọ́. Nígbà ọyẹ́, bí ìbẹ̀rẹ̀ February, wọ́n á fi aṣọ ìbora wé mi, wọ́n á gbé mi sí iwájú ọkọ̀, ọwọ́ mi á ti tutù rinrin lára okùn àwọ̀n. Wọn ò ní aago. Tí ìràwọ̀ yẹn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, tó ku díẹ̀ kó kan orí àwọn igi etí omi, wọ́n á na àjẹ̀ sí i, omi á máa kán láti ẹnu àjẹ̀ náà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní, "Ìràwọ̀ ọkọ̀ ń lọ sùn, fa àwọ̀n." Ká tó gúnlẹ̀, àwọn ìyá tó ń ra ẹja á ti wà létí omi pẹ̀lú àtùpà. Mi ò gbọ́ ajá lẹ́nu wọn rí.

Àǹtí wa ará Àgbádárìgì yẹn náà ní Yorùbá Ìjẹ̀bú la ń sọ ní Ẹ̀pẹ́, pé a ò lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ìyẹn dùn mí gan-an, mo máa kọ lẹ́tà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ìràwọ̀ ajá kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó fún àwọn olùkọ́ yẹn, káwọn ọmọ tó kọ́ ọ sórí.