Ṣé mo ba iṣẹ́ rere mi jẹ́ bí mo bá pe àwọn ọmọ Màmá?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, gààrí ni mò ń tà. Màmá àgbà kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Omi kórobá méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó di oúnjẹ, ó di aṣọ fífọ̀, ní báyìí èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Kò sú mi o. Màmá máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: bí ẹja bá kéré nínú ìkòkorẹ́ mi, wọn á ní ará Ìbàdàn ló sè é.

Àwọn ọmọ wọn ló ń dùn mí. Mẹ́rin ni wọ́n, Èkó ni gbogbo wọn wà. Tẹ́lẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo wà ńbẹ̀, wọn ò wá mọ́. Iléyá tó kọjá, wọ́n dé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wọ aṣọ règbérègbé, ó di Ojúde Ọba, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi wọkọ̀ padà. "Àǹtí, ẹ ṣeun o."

Ọkọ mi ní mo ti sọ ara mi di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá kan ní ìjọ wa sì ní kí n má sọ nǹkan kan, pé èrè mi wà lọ́run, kí n máa fi àsìkò ìwẹ̀ wàásù kí ọkàn Màmá lè là. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Tèmi ni pé kí ẹ má pè wọ́n.

Tíṣà Ìpẹ̀rù: Ìyá Ìbejì, ẹ tún Mátíù 6 kà. Ẹni tó ń fun fèrè kí aráyé lè yìn ín ni Jésù ń bá wí. Kí èèyàn pe ọmọ pé ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀, fèrè wo ló wà ńbẹ̀? 1 Tímótì 5 ẹsẹ 4 ní bí opó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, àwọn ni kó kọ́kọ́ san oore òbí wọn. Ará Samáríà pàápàá fi olùtọ́jú ilé èrò kún un, ó fún un ní owó dínárì méjì, ó sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ.

Alhaja: Mùsùlùmí ni mí, ọmọ ìyá mi ló jẹ́ Krìstẹ́nì, a kì í torí ẹ̀ jà nílé wa. Súrà 17 ẹsẹ 23 ní kí a má tilẹ̀ ṣe ṣíọ̀ sí òbí. Ẹ ka ìyẹn fún àkọ́bí wọn. Ọ̀rọ̀ ìwàásù yẹn, ẹ dákun: ẹni tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀ kò lè dìde bí ìwàásù ò bá wù ú.

Nọ́ọ̀sì: Ẹsẹ̀ tó ń dùn fún ọdún kan àbọ̀, ta ló ti gbé wọn lọ sí ọsibítù? Iṣẹ́ tí ẹ máa fún àwọn ọmọ nìyẹn. Ẹ̀yin, ẹ má fa apá wọn tí ẹ bá ń gbé wọn dìde. Ẹ máa yẹ ìdí àti gìgísẹ̀ wọn wò, torí ibẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń jókòó sójú kan.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe Bọ̀ọ̀dá àgbà lánàá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé Màmá ò lè wẹ̀ fúnra wọn mọ́ ni?" Wọn ò mọ̀! Lórí fóònù, "ara mi le" ni Màmá ń sọ fún wọn. Wọ́n ń bọ̀ ní Sátidé láti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Màmá ń bínú sí mi, wọ́n ní mo tú àṣírí àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n bá àwọn wá aṣọ tó dáa jáde.

Àwọn mẹ́ta yòókù ò tíì gbé fóònù.