Àwo "Naked" ti Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà: ṣé kí n ra sídì tí wọ́n tún ṣe ni, àbí kí n máa gbọ́ èyí tí ikán jẹ yìí lọ?

Ọmọ Olóṣùnta:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Sátidé tó kọjá la lọ palẹ̀ yàrá bọ̀dá màmá mi mọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, bọ̀dá yẹn ti kú látọdún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó tíì ráyè ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, àmọ́ ọ̀kan há sáàárín wọn tí wọ́n ya ìnàkí síwájú ẹ̀: "Naked", Talking Heads, 1988. Ikán ti jẹ igun àpò ẹ̀ kan débi pé ìka mẹ́ta lè kọjá níbẹ̀. Àwo inú ẹ̀ ṣì dáa ṣá o, àfi tó bá dé orin kẹrin, abẹ́rẹ́ á máa fò sẹ́yìn, á máa pe ọ̀rọ̀ kan náà bí ẹni tó ń kólòlò. Màmá mi wọlé, wọ́n wo àwòrán yẹn, wọ́n ní ọ̀bọ ta nìyí nínú ilé mi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá pálọ̀.

Èmi ò mọ Talking Heads ju "Once in a Lifetime" lọ, àti "Stop Making Sense", fíìmù eré orí ìtàgé wọn tí wọ́n tún gbé jáde ní 2023. Èyí yàtọ̀. Fèrè ń dún, ìlù ń dún bíi tiwa kì í sì í ṣe tiwa, nígbà tó wá kan "(Nothing But) Flowers" tó kẹ́yìn ojú kìíní, gìtá ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Kí ló dé tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwo yìí rí? Orin mẹ́wàá ni mo kà lára tèmi, mọ́kànlá ni wọ́n kọ sórí fóònù, ta ló jí ọ̀kan? Mo tún rí i pé wọ́n ti tún un ṣe sórí sídì, ṣé ó tó owó ẹ̀?

Gìtá Ìyìn:
Àbúrò, orí ẹ dáa. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Orin kan wà tó ń jẹ́ "Bill", sídì ni wọ́n fi í sí, wọn ò fi sórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ohun tó jẹ́ kí tìẹ jẹ́ mẹ́wàá nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé kò tà o, ó dé ipò kẹta ní Ìlú Ọba, ó dé ipò 19 ní Amẹ́ríkà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé látìgbà tó ti di 1984 àwọn èèyàn yìí ò jáde ṣeré kiri mọ́. Fíìmù tó o dárúkọ yẹn, orin inú ẹ̀ ò kọjá 1983, òun sì làwọn ọmọ ìsinyìí fi mọ̀ wọ́n. Àwo tí wọn ò gbé jáde lọ kọ fáráyé, ta ni yóò rántí ẹ̀? Nígbà tó wá di 1991 ayé gbọ́ pé wọ́n ti túká, àwo yìí wá di àbíkẹ́yìn tó tún jẹ́ ọmọ òrukàn.

Paris ni wọ́n ti ṣe é ní 1987, ní Studio Davout, Steve Lillywhite ló bá wọn darí ẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwọn olórin ibẹ̀, wọ́n á kàn máa ta á bó ṣe ń wá, èyí tó bá dùn ni wọ́n á gbà sílẹ̀: Abdou M'Boup ará Sẹ̀nẹ̀gàl nídìí ìlù, Mory Kanté ará Gíní pẹ̀lú kora, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fọwọ́ ta, Wally Badarou tí ìdílé ẹ̀ ti Bẹ̀nẹ̀ wá lórí kíbọ́ọ̀dù, Yves N'Djock ará Kamẹrúùnù lórí gìtá. Ìgbà tí wọ́n padà dé New York ni David Byrne, akọrin wọn, tó wá kọ ọ̀rọ̀ lé e. Gìtá tó fẹ́ pa ẹ́ lẹ́kún yẹn, ọwọ́ N'Djock wà níbẹ̀, ọwọ́ Johnny Marr náà wà níbẹ̀, ọdún 1987 yẹn gan-an ni Marr kúrò ní The Smiths, ẹgbẹ́ olórin Ìlú Ọba tó ti ń ta gìtá. Marr yìí kan náà ló wà nínú orin kẹrin tí abẹ́rẹ́ ẹ ń fò, "Ruby Dear", àánú ẹ ṣe mí.

Fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́. Tẹ̀ lé ìlà ẹ̀ yípo, má nù ún níbùú, má sì jẹ́ kómi kan bébà àárín. Ẹnì kan ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹrosín-ìn rí. Má dán an wò.

Ará Ìlawẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yí àwo yẹn sójú kejì ná. Ojú kìíní ni ọjọ́ ìnáwó, ojú kejì ni àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ń tú kánópì, tí ajá ń họ ilẹ̀ kiri, tí gbogbo àwọn tó jẹun lánàá ò sí níbẹ̀ mọ́. "The Democratic Circus", "Cool Water", orin tó ṣókùnkùn ni wọ́n, ẹni tí wọ́n ti fi "Blind" àti fèrè yẹn tàn wọlé á ní kí lèyí. Ìyẹn gan-an lèmi fẹ́ràn níbẹ̀ o, àmọ́ mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi sá.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ará wa ló gbé àwo yẹn ró, orúkọ wọn wá wà nísàlẹ̀ bíntín-bíntín. Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwo "Afrodisiac" ti Fela tí Brian Eno tó ń bá wọn darí àwo fún Byrne gbọ́ wà lára ohun tó bí "Remain in Light", àwo tí Talking Heads gbé jáde ní 1980. Èmi á kúkú gbọ́ Fela.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó:
@Ará Ìlawẹ̀ ṣé Angélique Kidjo ò ti gbẹ̀san ẹ̀ ni? 😂 Ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ó kó odindi "Remain in Light" ó tún un kọ ní 2018, Tony Allen tó lùlù fún Fela ló tún lùlù níbẹ̀. Ẹni tó bá mú tiwa lọ, àwa náà á mú un bọ̀.

"Flowers" yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ṣá. Ọkùnrin kan ń ṣọ̀fọ̀ pé igbó ti gba ìlú, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà tẹ́lẹ̀ ti di òdòdó, àárò ọ̀dà títì àti Pizza Hut ń sọ ọ́. Mò ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láti Ìwòròkó wá sí Adó, oko ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí mo wọlé ọdún kìíní ti di ilé epo. Tiwa ń lọ lódìkejì.

Bàbá Sídì:
Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè ọmọ yìí o jàre. Ọdún 2005 ni wọ́n kó àwo wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sínú páálí kan tí wọ́n pè ní "Brick", lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jerry Harrison tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn wà lára àwọn tó tún ohùn ẹ̀ pò fún ẹ̀rọ agbóhùn tó yí yàrá ká. "Bill" wà níbẹ̀, wọ́n tún fi "Sax and Violins" kún un, èyí tó jáde nínú orin fíìmù kan ní 1991. Ohùn ẹ̀ mọ́ kedere, o máa gbọ́ ìlù kéékèèké tí rẹ́kọ́ọ̀dù gbé mì.

Àmọ́ fetí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, DualDisc ni, ojú kan sídì, ojú kejì DVD, ó wá nípọn ju sídì lásán lọ. Mo fi í sínú pléyà ọkọ̀ mi, ó wọlé wẹ́rẹ́, kò jáde mọ́. Rẹ́wáyà ní Òkèyìnmí tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa nǹkan ọ̀hún yọ pẹ̀lú pìlọ́ọ̀sì, ó wá bi mí pé ṣé mo fi abọ́ oúnjẹ síbẹ̀ ni. Ti Yúróòpù ni kó o wá, sídì wà lọ́tọ̀, DVD wà lọ́tọ̀.

Ọmọ Olóṣùnta:
Ẹ ṣeun púpọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fọ̀ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n Gìtá ṣe wí. "Ruby Dear" ṣì ń fò, àmọ́ ó ti sún síwájú díẹ̀ kó tó fò báyìí, mo ti ní ìlà kan sí i 😂 Ti Yúróòpù ni màá rà tówó bá dé.

Bí mo ṣe ń gbọ́ "Flowers" lówùúrọ̀ yìí ni màmá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, wọ́n ní ṣé Sunny nìyẹn. Mo ní rárá, àwọn òyìnbó kan ni, pẹ̀lú ará Kamẹrúùnù kan, àwo ọ̀bọ ọjọ́sí ni. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, wọ́n ní kí n yí i sókè díẹ̀.