Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa: chambers wa tí Bing àti DuckDuckGo ò mọ̀ rárá

Akọ̀wé Chambers, Ìlọrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ọ́fíìsì lọ́yà wa, bí Bing àti DuckDuckGo, tí wọ́n ń bá èèyàn wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Google, ò ṣe mọ̀ wá, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín, torí mo mọ̀ pé a pọ̀ tá a ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ níbí, n'Ílọrin àti ní Kwara South lọ́hùn-ún.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, akọ̀wé ni mí, àmọ́ gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà ní chambers wa, ọwọ́ mi ni wọ́n ń kó o sí. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn ti tó ọdún mẹ́ta. Tá a bá tẹ orúkọ wa sí Google, àwa la máa kọ́kọ́ jáde, torí ẹ̀ ọkàn wa balẹ̀, a ò wo ibòmíì.

Àfìgbà tí bàbá kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá wa kú l'Ọ́fà. Ọmọ bàbá yìí wà nílùú ọba, ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní owó ní báǹkì, báǹkì sì ní àwọn ò ní fọwọ́ kan owó náà àfi tí wọ́n bá mú letter of administration (ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé) wá láti High Court. Ọmọ yìí rántí orúkọ chambers wa tí bàbá ẹ̀ máa ń pè ṣáá, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ orúkọ wa, kò rí wa. Ó fi Ìlọrin kún un, kò rí wa. Ó yí i po yí i sẹ́yìn, kò rí wa náà ni. Lọ́yà kan l'Ékòó ló rí, òun ló gbéṣẹ́ fún. Ẹ wá rò ó wò, gbogbo ìgbà tí lọ́yà yẹn bá ń ti Èkó bọ̀ wá sí rẹ́jísírì kóòtù n'Ílọrin, owó mọ́tò, owó hòtẹ́ẹ̀lì, orí ọmọ olóògbé ni gbogbo ẹ̀ ń já lé, nígbà tó jẹ́ pé láti ọ́fíìsì tiwa, ọ̀kadà lèèyàn á gùn débẹ̀.

Ìgbà tó wálé fún fìdáù ogójì ọjọ́ ló yà kí Ọ̀gá. Ó ní "Dádì, mo wá yín títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé ẹ ti ṣíwọ́ iṣẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀gá lákínyẹmí ara, ó yíjú sí mi, mi ò rí nǹkan sọ. Mo ní kí bọ̀dá yẹn jọ̀ọ́ sọ fún mi bó ṣe wá wa gan-an. Ó ní òun kàn tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ Windows yẹn ni, ibi tí wọ́n kọ Search sí.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Àpótí yẹn kì í gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ Google, Edge, ohun tí Microsoft fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ló máa ń ṣí, Bing tó jẹ́ ti Microsoft náà ni Edge sì máa lọ bi. Bọ̀dá yìí ò mọ̀ pé Bing lòun ń lò rárá, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe rí, ohun tí wọ́n bá lórí ẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Mo ṣí Bing lórí fóònù mi lójú wọn níbẹ̀, mo tẹ site: mo wá lẹ àdírẹ́sì wa mọ́ ọn láì fi àlàfo sáàárín, kó lè fi gbogbo ojú ìwé wa tó mọ̀ hàn mí. Kò sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Mo lọ sí DuckDuckGo, òfo. Yahoo, òfo. Ecosia tó jẹ́ ti àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ń fi èrè ẹ̀ gbin igi, òfo. Àyà mi là gààrà. Ṣe ló dà bí ẹni tó ti ń tajà l'Ọ́jà Ọba látọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá ń bèèrè ẹ̀ lẹ́nu géètì tí gbogbo èèyàn ní àwọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn, mo kà á títí. Àṣé odò kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pọnmi! Yahoo ti bá Microsoft ṣàdéhùn látọdún 2009 pé Bing ni á máa fún òun lésì. DuckDuckGo, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ọ̀dọ̀ Bing ni èyí tó pọ̀ jù nínú èsì ẹ̀ ti ń wá. Ecosia náà, ó pẹ́ gan-an tó fi gbára lé Bing. Torí náà tí Bing ò bá ti mọ̀ yín, ó ṣòro káwọn yẹn náà tó mọ̀ yín.

Kí ló wá dé tí Bing ò fi mọ̀ wá? Mo fi /robots.txt sẹ́yìn àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, mo tẹ̀ ẹ́. Fáìlì yẹn ló ń sọ fún bọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tí Google, Bing àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń rán wá ka wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ibi tó lè wọ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni mo bá níbẹ̀:

User-agent: Googlebot
Allow: /
User-agent: *
Disallow: /

Ohun tó ń sọ ni pé Google, ìwọ máa wọlé. Ẹnikẹ́ni yòówù kó dé lẹ́yìn Google, kó padà lẹ́nu ọ̀nà. Àmì ìràwọ̀ yẹn, gbogbo ayé ló ń bá wí. Mo pe ẹni tó bá wa kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì yẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun fi síbẹ̀, pé hosting (àyè tá a rà fún wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa) kéré, òun ò fẹ́ kí bọ́ọ̀tì oríṣiríṣi máa jẹ dátà wa, pé Google nìkan ló wúlò. Inú bí mi gan-an, torí kò bi wá léèrè. Èèyàn tó ń wá ẹni tó máa bá a gba owó bàbá ẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ síta yẹn, fún odidi ọdún mẹ́ta.

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Mo yọ ìlà méjì ìsàlẹ̀ kúrò. Mo lọ sí Bing Webmaster Tools, ibi tí oníwẹ́ẹ̀bùsáìtì ti ń bójú tó bí Bing ṣe ń rí i, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá sì ti ní Google Search Console (irú ẹ̀ ti Google) tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa ní kó kó gbogbo ẹ̀ wá látibẹ̀ ni, kò ní ní kẹ́ ẹ tún fi fáìlì kankan jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Mo fún un ní sitemap wa, ìyẹn àkójọ gbogbo ojú ìwé wa. Lẹ́yìn ìyẹn mo tan IndexNow, èyí tí Microsoft àti Yandex ti àwọn ará Rọ́ṣíà jọ gbé jáde lóṣù October 2021: ẹ máa fi fáìlì kékeré kan tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá yí nǹkan padà, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ètò náà, bíi Bing, lẹ máa ránṣẹ́ sí, òun á sì ta àwọn tó kù lólobó. Google ò sí nínú ètò yẹn o, ẹ má fi ìyẹn rọ́pò Search Console. DuckDuckGo ní tiẹ̀ ò níbi téèyàn ti ń fi wẹ́ẹ̀bùsáìtì sílẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun fi yín síbẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ọjọ́ kẹfà ni ojú ìwé wa àkọ́kọ́ jáde lórí Bing. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí gbogbo ẹ̀ tó wọlé tán. Látìgbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá pè ni mo máa ń bi pé ẹ jọ̀ọ́ ibo lẹ ti rí wa, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Wọn ò pọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ìyá kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo tó wà ní Kánádà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, ọ̀ràn ilẹ̀, DuckDuckGo lọmọ ẹ̀ fi rí wa. Ẹyọ iṣẹ́ yẹn nìkan tó fún wa.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ní chambers ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ́fà níbí, robots.txt wa mọ́ tónítóní, sitemap wà níbẹ̀, síbẹ̀ Bing ò gbé wa. Mo ṣe é títí ó sú mi. Ìgbà tí mo lo URL Inspection tó wà nínú Bing Webmaster ló tó sọ fún mi pé òun dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n lé òun, 403, nọ́ńbà tó túmọ̀ sí pé wọn ò gbà á láàyè láti wọlé.

Ta ló wá lé e? Èmi ò lé e. Ó jọ pé fáyàwọ́ọ̀lù, ohun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ní ilé iṣẹ́ tá a ti ra hosting ni (mi ò ní dárúkọ wọn), ó rí i pé bingbot, bọ́ọ̀tì Bing, ń wọlé lemọ́lemọ́, ó kà á kún olè. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n pa cache mi (ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà mi fi pamọ́) rẹ́. Mo tún kọ, wọ́n ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì yín ń ṣí dáadáa lọ́dọ̀ tiwa. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Mo wọ cPanel tá a fi ń bójú tó hosting wa, mo lọ síbi access log, àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó wá sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa, mo wá bingbot nínú ẹ̀, mo ka ìgbà tí wọ́n fún un ní 403 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó lé ní ogójì, mo ya fọ́tò ẹ̀ mo fi ránṣẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni wọ́n tó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣí.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀tì burúkú kan máa ń pe ara wọn ní bingbot. Bing ní ibì kan tí wọ́n ti ń fi IP (nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí bọ́ọ̀tì ti wá) yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiwọn ni lóòótọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Lọ́yà Tanke

Ẹ ṣeun gan-an, mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ó kan àwa tá a wọ wíìgì.

Nígbà tí mo dá dúró ní Tanke, mo ní kí ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì kí gbogbo wọn lè rí mi, Google, Bing, gbogbo wọn. Ó ṣe é, ó rẹwà, àmọ́ orí gbogbo ojú ìwé ló kọ "best lawyer in Ilorin" sí, ó tún kọ pé àwa là ń jàre jù ní kóòtù. Ó ní ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méjì ló lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá mi àtijọ́ rí i, ó pè mí lálẹ́, ó ní "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ lọ jẹ́jọ́ ni?" Rules of Professional Conduct, òfin ìwà àwa lọ́yà, ti sọ ọ́ kedere, lọ́yà lè jẹ́ káyé mọ̀ pé òun wà, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣi èèyàn lọ́nà, kò gbọdọ̀ fi ara ẹ̀ wé lọ́yà míì, kò sì gbọdọ̀ máa sọ bí iṣẹ́ òun ṣe dáa tó tàbí iye ẹjọ́ tóun ti jàre. Òru yẹn ni mo yọ gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo fi rọ́pò ẹ̀ ni ìdáhùn gidi. Ojú ìwé kan lórí kí ni èèyàn máa kó dání tó bá ń lọ gba letter of administration n'Ílọrin. Ojú ìwé kan lórí ìdí tí ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó ní C of O fi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà, Land Use Act ti 1978, section 22. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi. Ìwọ̀nyẹn ni Bing kọ́kọ́ gbé jáde, ojú ìwé tí mo fi ń ṣàlàyé ara mi ló kẹ́yìn.

Ẹ tún wo àdírẹ́sì yín o. Máàpù Apple ni DuckDuckGo ń lò látọdún 2019, kì í ṣe ti Google. Mo ti kó kúrò níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, mo tún un ṣe lórí Google, mo rò pé ó ti tán. Oníbàárà kan ló dúró nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì mi àtijọ́ tó ń pè mí. Apple Business Connect ni mo ti lọ tún un ṣe, Bing náà ní Bing Places tirẹ̀, ìyẹn lè kó ohun tẹ́ ẹ ti kọ sí Google wá.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Tèmi ò le tó tiyín. Ọkọ mi ni lọ́yà, èmi ni mò ń bá a tẹ̀wé. Mo sọ fún un pé àwọn èèyàn tó ń wá wa ò fi gẹ̀ẹ́sì tẹ nǹkan, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́, ní Òrò, ó sì gbà kí n kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá lórí bí a ṣe ń pín ogún. Mo fi gbogbo àmì sí i, ó dùn ún kà.

Kò sẹ́ni tó wá. Ọjọ́ kan ọmọ àbúrò mi wá kí wa, mo ní kó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sí Brave, èyí tóun fi ń wá nǹkan dípò Google, mo wá ń wo ọwọ́ ẹ̀. "bi a se n pin ogun ile", ló tẹ̀, kò sí àmì kan níbẹ̀, kò tiẹ̀ fi àmì sí ìsàlẹ̀ ṣ. Ibo ló ti fẹ́ rí àmì lórí fóònù ẹ̀? Mo padà lọ sórí kọ̀ǹpútà. Mo fi àmì sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ torí Yorùbá láìsí àmì máa ń ṣini lọ́nà, "ogun" yẹn fúnra ẹ̀, ṣé ogún ni àbí ogun tí wọ́n ń jà? Àmọ́ mo kọ ọ́ láìsí àmì nínú àdírẹ́sì ojú ìwé náà, mo tún fi ìlà kan sísàlẹ̀ àkọlé bí àwọn èèyàn ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó jáde lórí Bing kó tó jáde lórí Brave, Brave ní àkójọ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí lò lọ́dún 2021, ẹ ní sùúrù fún un.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wá torí ojú ìwé yẹn, ọkùnrin ni, Ìbàdàn ló wà, ilé bàbá ẹ̀ wà ní Òkè-Onígbìn. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé Chambers, Ìlọrin

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, màmá, mo ti kọ tiyín sílẹ̀, mo máa bá Ọ̀gá sọ ọ́ lónìí.

Lọ́yà Tanke, bí mo ṣe ka tiyín tán ni mo ṣí DuckDuckGo, mo tẹ orúkọ wa, mo fọwọ́ kan máàpù. Ọ́fíìsì wa àtijọ́ ní Táíwò ló ń gbé èèyàn lọ, ibẹ̀ tá a ti kúrò kí n tó débi iṣẹ́ yìí pàápàá, ilé ìtajà aṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí Apple láàárọ̀ yìí. Mo tún ti lọ bá ìyá tó ń taṣọ níbẹ̀, mo fi káàdì wa mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá wá bèèrè lọ́yà, kó jọ̀ọ́ fún un ní ọ̀kan.