Òpó alumíníọ̀mù fún bàálù alájà méjì: ṣé ká tẹ páìpù ni, àbí ká wọ̀ ọ́ láṣọ?

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàálù kékeré alájà méjì ni mò ń kàn, iṣẹ́ sì ti kan àwọn òpó tó wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Páìpù roboto 6061-T6 (alumíníọ̀mù oríṣi 6061 tí wọ́n ti fi ooru mú le dé ipò T6) ló wà nílẹ̀: ìbú 38 mm, ara rẹ̀ nípọn 1.6 mm, òpó kọ̀ọ̀kan gùn 1.4 m. Mo fẹ́ kó rí bí ara ẹja, kí iwájú rí ribiti, kí ẹ̀yìn tín-ín-rín. Ṣé kí n fi iná rọ̀ ọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́? Ìwọ̀n wo ló máa wá jẹ́?

Onírin Ifẹ̀
Àbúrò, àyíká páìpù kì í yí padà tí o bá tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún páìpù bàálù ni pé kí o fi 1.349 sọ ìbú rẹ̀ di púpọ̀ láti mọ bó ṣe máa gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí o sì fi 0.571 ṣe ti sísanra. Tìrẹ á di nǹkan bíi 51 mm sí 21.7 mm.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òpó tí ẹrù bá ń tì láti òkè, ìhà tó tín-ín-rín jù ló máa ń ká sí. Ní ìhà yẹn, agbára tó kù kò ní tó ìdajì ti páìpù roboto. Bí àwòrán bàálù bá ka òpó náà sí roboto 38 mm, tún gbogbo rẹ̀ ṣírò kí o tó fọwọ́ kan jáàkì.

Ti iná ńkọ́? Má ṣe é, jọ̀ọ́. T6 ń gba nǹkan bíi 276 MPa (ìwọ̀n agbára irin) kó tó tẹ̀ láìpadà; tí iná bá ti rọ̀ ọ́ tán, ó di bíi 55. Kó tó padà sípò, ó gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi 530°C, kí o rì í bọ omi lójú ẹsẹ̀, kí o tún wá sè é nínú ààrò. Páìpù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á lọ́ nínú omi. Tí o bá sì tẹ T6 ní tútù, etí ẹ̀yìn, níbi tó ti ṣẹ́po jù, ló máa là.

Tọ́nà Lagere
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n T4 wà, ìyẹn èyí tí wọ́n ti rì bọ omi ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì sè, tó ṣì rọ̀ ju T6 lọ. Ẹni tó bá rí 6061-T4 rà lè tẹ̀ ẹ́ ní tútù, kó sì sè é ní 160°C fún wákàtí 18, tàbí 175°C fún 8. Á di T6 láìkan omi. Ààrò oníná tó ní mítà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ààrò búrẹ́dì onígi. Kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, torí tí iná bá lọ, ẹ ò ní mọ iye wákàtí tí páìpù fi gbóná mọ́.

Fún ìtẹ̀ náà, ẹ gbẹ́ igi ìrókò méjì tó gùn 30 cm sí ìrísí tí ẹ fẹ́, kí ihò rẹ̀ fi nǹkan bíi 1 mm tín-ín-rín sí i, nítorí alumíníọ̀mù máa ń ta padà. Ẹ má kó yanrìn kún inú páìpù: inú rẹ̀ ń kéré sí i bó ṣe ń di pẹlẹbẹ, yanrìn tí a gbún le kò sì ní ibi tó máa lọ. Ọ̀pá igi 17 mm sí 12 mm tí a fi àbẹ́là pa lára ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, níbi tó máa nípọn jù, kí ẹ̀gbẹ́ má bàa jìn wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 3 mm láti orí dé ìdí, kí ẹ tún padà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá parí ojú kan kó tó sún síwájú á lọ́ páìpù náà ni.

Páìpù àwọn tó ń ṣe wíńdò ńkọ́? 6063, oríṣi alumíníọ̀mù mìíràn, ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò lágbára tó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Abìyẹ́
T6 ló ti wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ ní roboto kí ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ. Páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ 0.45 mm, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe lọ́ńgísípáànù, tó fún un, torí kò gbé ẹrù kankan. Ẹ gé e ní 270 mm ní fífẹ̀. Á yí iwájú páìpù ká, á sì pàdé lẹ́yìn, ní 114 mm láti iwájú páìpù, pẹ̀lú 15 mm tí etí kan fi gun èkejì. Etí ẹ̀yìn yẹn nìkan ni kí rífẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ má lu ihò kankan sí àárín òpó.

Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí páànù má bàa máa ha páìpù, kí ẹ sì dè é le ní òkè àti ìsàlẹ̀. Èyí tó bá lè yí fúnra rẹ̀ á máa gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́. Ẹ lu ihò 5 mm sí ìsàlẹ̀ páànù náà fún omi òjò.