Mo fẹ́ gba òṣìṣẹ́ méjì sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Malta, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Tómi, Ħamrun

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Malta. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa: èlùbọ́, gàrí, ẹja gbígbẹ, a sì máa ń se oúnjẹ tà lọ́sàn-án. Èmi àti ọkọ mi nìkan la ti ń ṣe é bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wá ju agbára wa lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gbà ni ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń kàwé níbí, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ẹnì kejì ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mọ oúnjẹ sè dáadáa. Ilé oúnjẹ kan ní Sliema ló ń bá ṣiṣẹ́, orúkọ wọn ló sì wà lórí single permit rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tó fi ń gbé tó sì fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Ó ní òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé mo lè jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ná, kí ìwé máa bọ̀ lẹ́yìn? Ọmọ wa yìí ńkọ́, ṣé mo lè yọ owó yàrá àti oúnjẹ kúrò nínú owó tí mo bá fẹ́ san fún un? Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹbí ni, kò kan ìjọba. Mi ò fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì, Gżira

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láìsí ìwé. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ dúró sí ìdí iṣẹ́ ni Jobsplus, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ti gbọ́dọ̀ ní orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Alákàrà Msida

Ẹ má dẹ́rù ba ìyá náà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba òṣìṣẹ́ wò fún oṣù kan méjì kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Bí kò bá dáa, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Ṣadé, Birkirkara

Alákàrà, ẹ dákun, ẹ má fún un nímọ̀ràn yẹn. Iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ni mò ń ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké níbí. Òfin fúnra rẹ̀ ti fún agbanisíṣẹ́ láyè láti dán èèyàn wò: oṣù mẹ́fà. Láàárín rẹ̀, ẹ lè ní kó máa lọ láìsọ ìdí, òun náà lè fi yín sílẹ̀. Tó bá ti lò ju oṣù kan lọ, ẹ óò fún un ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Kí wá lẹ fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ṣe? Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lọ̀rọ̀ tó le: ìdí tó múná dóko nìkan lẹ lè fi lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ní oṣù mẹ́rin láti gbé yín lọ sí Industrial Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìyá Tómi, pé ọmọ náà jẹ́ ẹbí kò sọ ọ́ di ẹni tí kò nílò ìwé iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù kò lè ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 90 tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Jobsplus ló ń fúnni ní àṣẹ rẹ̀. Ní ti yàrá àti oúnjẹ, ẹ má ṣe yọ ọ́. Ìwọ̀nba nǹkan ni òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ nínú owó òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí owó rẹ̀ wọ báǹkì ní pípé. Bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn pé yóò máa san owó ilé, kí òun fúnra rẹ̀ san án, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ti arábìnrin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ má jẹ́ kó fi Sliema sílẹ̀ báyìí! Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sórí permit yẹn nìkan ló láṣẹ láti ṣe. Ẹ óò bá a kọ ìwé tuntun sí Identità, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní permit yẹn, yóò sì dúró síbi tó wà títí wọn yóò fi fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni kó tó fún ọ̀gá rẹ̀ ní ìkìlọ̀: ọ̀sẹ̀ méjì bó bá ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ níbẹ̀, mẹ́rin bó bá ti lé lọ́dún méjì tí kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ.

Ìyá Tómi

Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ gbà mí. Èló wá ni gbogbo rẹ̀ máa ná mi?

Àǹtí Ṣadé

Ní 2025, owó tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 18 tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 jẹ́ €221.78 lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin yóò fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún social security, àti 0.3 fún àpò owó ìyá ọlọ́mọ. Ìyẹn gbé e lé €244. Òṣìṣẹ́ náà yóò san ìdá mẹ́wàá tirẹ̀. January kọ̀ọ̀kan ni iye yìí ń gòkè, nítorí náà ẹ fetí sí bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tuntun máa ń gbàgbé ni bọ́nọ́ọ̀sì ìjọba: €121.16 ní March àti September, €135.10 ní June àti December. Àpò yín ló ti ń jáde, ìjọba kọ́ ló ń san án. Ìsinmi tún wà, ó kéré tán wákàtí 192 lọ́dún fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò gbogbo èyí kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni. Bí ṣọ́ọ̀bù kò bá tíì lè gbé e, ẹ jẹ́ kí ti arábìnrin náà dúró ná.

Kẹ́hìndé, Marsa

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú òṣìṣẹ́ sọ ọ́. Ibi tí mo kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ ní erékùṣù yìí, ọ̀gá náà ṣe èèyàn, ó máa ń fún wa lóúnjẹ, àmọ́ owó ọwọ́ ló ń san, kò fún wa ní payslip, ìwé tó ń fi owó oṣù hàn, rárá. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìwé mi lọ́tun, ó dà bíi pé mi ò ṣiṣẹ́ rí. Social security tí wọn ò san fún mi, ó lọ nìyẹn. Ọdún márùn-ún tó ṣe é fihàn lórí ìwé lèèyàn fi ń béèrè ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ gígùn. Mà, ẹ máa fún wọn ní payslip tó to ohun gbogbo lẹ́sẹẹsẹ, kódà ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín.

Alákàrà Msida

Mo ti gbọ́. Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ pé oṣù mẹ́fà yẹn wà nínú òfin.

Ìyá Tómi

Kẹ́hìndé, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àbúrò mi ni mo máa kọ́kọ́ gbà, wákàtí 20 yẹn. Mo ti pe arábìnrin náà kó má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn ńkọ́, ṣé lọ́yà ló máa kọ ọ́?

Àǹtí Ṣadé

Kò di dandan. Ojú ìwé kan ti tó, kí ó sọ irú iṣẹ́, ibi iṣẹ́, wákàtí, owó, ọjọ́ tí ẹ óò máa san án àti ìsinmi. Ẹ fún un láàárín ọjọ́ méje tó bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba PE number, nọ́ńbà agbanisíṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn owó orí, òun ni ẹ óò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Jobsplus. Lẹ́yìn ìyẹn, FS5 lóṣooṣù, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń san owó orí àti social security òṣìṣẹ́: ti oṣù yìí, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.