Saratoga àbí Yorktown: èwo ni ká fi ṣe òpó ẹ̀kọ́ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn. Ìmọ̀ràn yín la ń wá lórí ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Yorktown ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé gẹ̀gẹ̀, torí ibẹ̀ ni Cornwallis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ti juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1781. Lójú tiwa, Saratoga ni gbòǹgbò. Nígbà tí Burgoyne, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1777 pẹ̀lú ọmọ ogun tó tó nǹkan bí 6,000, Faransé rí i pé ogun yìí ṣeé borí, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 1778. Bí kò bá sí àdéhùn yẹn, ta ni ì bá rán ọkọ̀ ogun de Grasse, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Faransé, lọ sí Chesapeake, apá òkun tó wà nítòsí Yorktown, láti dí ojú òkun mọ́ Cornwallis?

Gbèsè ogun ló ń rú wa lójú. Òun ló sọ owó orí di ẹrù wúwo ní Massachusetts, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ọ̀tẹ̀ Shays ní 1786, ìpàdé Philadelphia, níbi tí wọ́n ti kọ òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, sì tẹ̀ lé e ní 1787. Tí ẹ̀kọ́ bá parí sí Yorktown, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ní ìjọba àpapọ̀ tó lágbára. Ṣé ká fi gbèsè yìí ṣáájú ni, àbí ká tò ó tẹ̀ lé ogun?